Ọmọ Glenn Dale Nídìí Máàsì Èkó

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ John F. Kennedy gbé fóònù ní White House ní Washington, ó sì bá Olórí Ìjọba Nàìjíríà, Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Amẹ́ríkà kan, USNS Kingsport, tó gúnlẹ̀ sí Èkó, ni Balewa wà. Sátẹ́láìtì Syncom 2, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí òfúrufú ní oṣù keje ọdún náà, ló gbé ohùn àwọn méjèèjì. Kò tíì sí olórí ìjọba méjì tó fi sátẹ́láìtì bá ara wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Goddard, ibùdó NASA tó wà ní Greenbelt ní ìpínlẹ̀ Maryland, ló ń mójú tó iṣẹ́ Syncom. Àwa tí a ń gbé ní Glenn Dale mọ Goddard bí ẹni mowó, nítorí pé ọ̀nà 193 tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá náà ló gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju 18,724 lọ. Olórí Ìjọba lè ti Èkó bá White House sọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá oníṣòwò tó wà ní Dùgbẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù òun ti kúrò ní Ìdúmọ̀tà, àfi kó rán awakọ̀ níṣẹ́. Láti ìgbà yẹn títí dòní, ibi tó le jù nínú iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà kì í ṣe òfúrufú. Orí ilẹ̀ ni: ilẹ̀ tí a ó ri òpó sí, iná tí òpó yóò lò, ọ̀nà tí okùn yóò gbà, àti àwọn èèyàn tó ni àdúgbò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní College Park tàbí ní Bowie State pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lo sọ́mà kan nídìí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì l'Ékòó. Kì í ṣe torí kó lè mọ ilé baba rẹ̀ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà dára. Kì í sì í ṣe torí kó lè lọ gba Nàìjíríà là. Iṣẹ́ ni kó lọ kọ́, nítorí pé ìmọ̀ kan wà lọ́wọ́ àwọn ẹnjinníà Èkó tí kò sí ẹni tó máa fi kọ́ ọ ní Maryland.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Glenn Dale kì í ronú nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bàbá ń san owó fóònù gbogbo ilé lóṣooṣù, iná kì í ṣàdédé lọ, òpó tó ń gbé ìpè rẹ̀ sì wà ní ojú ọ̀nà tó ń gbà lọ sílé ìwé, kò wò ó rí. Àwa òbí la kò lè gbàgbé. Ní àwọn ọdún 1990, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gàrí àti èlùbọ́ la ti máa ń ra káàdì ìpè. Èèyàn á fi owó ẹyọ ha ẹ̀yìn rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà gbọọrọ kan, á tún tẹ òmíràn, ohùn obìnrin kan á sì ka iye ìṣẹ́jú tó ní fún un. Ilé aládùúgbò tó ní ìlà NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, là ń pè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pe màmá mi.” Wọ́n á gbé fóònù lé orí tábìlì, ọmọdé kan á sáré jáde, àwa á máa gbọ́ igbe àkùkọ, káàdì á sì máa jẹ lọ. Nígbà tí màmá bá fi máa dé, bóyá la ó rí àyè béèrè bóyá owó tí a fi rán lágbájá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Oṣù kìíní ọdún 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pa ẹ̀ka tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ P&T pọ̀ mọ́ NET, ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó ìpè sí òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ìlà á kọ̀wé, á sanwó, á sì máa retí, ọdún á máa gorí ọdún. Nígbà tí a ó fi dé ọdún 2000, bí ìlà 400,000 péré ló wà fún orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù.

Oṣù kìíní ọdún 2001 ni nǹkan yí padà. Àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, tí Ernest Ndukwe ń darí nígbà náà, ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Econet, tó ti pààrọ̀ orúkọ léraléra kó tó di Airtel, àti MTN ti ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Síìmù wọ́n bí ojú. Àádọ́ta náírà ni ìpè ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì kàn sọ pé “mo ti dé” tó pa á, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ló san. Ní oṣù kẹjọ 2003, Globacom tí Mike Adenuga, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, dá sílẹ̀ gbé owó ìṣẹ́jú-àáyá wọ ọjà, àwọn yòókù kò sì rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Lónìí, síìmù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lé ní 150 mílíọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọjọ́ orí ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì báyìí lọ púpọ̀.

Ọmọ àbúrò mi kan, tí òun náà dàgbà sí Glenn Dale, lọ lo sọ́mà ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń tọ́jú máàsì fún àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ló ń kọ́. Ó ti rò ó pé ìdí kọ̀ǹpútà lòun máa jókòó sí, nínú ọ́fíìsì tó tutù. Wọn ò tíì fi tábìlì hàn án tí wọ́n fi fún un ní bàtà iṣẹ́ àti akoto, wọ́n ní kó bọ́ sẹ́yìn Hilux, ó di Ìkòròdú. Ẹnjinníà tó ń tẹ̀ lé, ọkùnrin kan tó jáde ní LAUTECH l'Ógbòmọ̀ṣọ́, sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà lójú ẹsẹ̀.

“Amẹ́ríkà, kí ló ń gbé ìpè?”

“Ìgbì rédíò ni, sà.”

“Irọ́ lo pa. Dísù ni.”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n kò sí àsọdùn nínú rẹ̀. Ẹ bá mi wọ inú ọgbà máàsì kan. Ògiri búlọ́ọ̀kù ló yí i ká, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí rẹ̀. Òpó irin dúró láàárín, áńtẹ́nà wà lókè fún àwọn fóònù, àwo rìbìtì sì wà lára rẹ̀ tó kọjú sí máàsì mìíràn ní òkèèrè. Nísàlẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ń kùn, ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iná jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ìjọba di iná fóòtì 48 tí àwọn ohun èlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò. Bátìrì wà nínú àgò tí wọ́n fi wẹ́dà jó pa, nítorí olè. Táńkì dísù ní àgádágodo tirẹ̀, nítorí olè bákan náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún ọmọ wa ni kó ti ọ̀pá wíwọ̀n bọ inú táńkì, kó ka iye lítà tó kù, kó wo iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ti ṣe, kó wá ṣírò bóyá ohun tí ẹ̀rọ jẹ bá ohun tí ọkọ̀ epo ní òun já mu. Kò bá a mu. Bí ìṣirò ilé ìwé ṣe di ọ̀rọ̀ olè àti ọlọ́pàá nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣe rédíò kì í bá ẹni tó ń ṣe iná pàdé. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná ló ni ti iná, ìjọba ló ni ti ọ̀nà, ọlọ́pàá ló ni ti olè. L'Ékòó, gbogbo rẹ̀ ló já sí orí ẹnjinníà kan ṣoṣo nínú Hilux. Nígbà tí owó dísù ròkè ní 2022, tó fi ju ìlọ́po méjì lọ kí ọdún tó parí, kì í ṣe ọ̀gá oníṣirò nìkan lorí fọ́. Ẹni tó wà nídìí máàsì ló ní láti pinnu ibi tí iná oòrùn ti lè rọ́pò jẹnẹrétọ̀, bátìrì tó lè fara da ooru, àti iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ lè sinmi lóru. Irú àròjinlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ ìwé lé lórí. Níbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ni.

Òjò tún wà. Àsìkò sọ́mà tiwa níhìn-ín ni òjò Èkó máa ń rọ̀ jù, oṣù kẹfà sí oṣù keje. Àwo rìbìtì tó ń bá àwo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òkèèrè kò fẹ́ràn òjò ńlá, nítorí pé ẹ̀kán omi máa ń gbé ìgbì rẹ̀ mì, bí ìgbì náà bá sì ṣe kúrú tó ni òjò ṣe ń dà á láàmú tó. Bí máàsì kan bá dákẹ́, gbogbo máàsì tó fẹ̀yìn tì í á dákẹ́ pẹ̀lú. Okùn fáíbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kò bẹ̀rù òjò, àmọ́ katakata tó ń la ọ̀nà ni ọ̀tá tirẹ̀. Owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilẹ̀ tí okùn ń gbà kọjá sì di àríyànjiyàn: àwọn gómìnà fẹnu kò sí 145 náírà fún mítà kan, síbẹ̀ àwọn mìíràn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di oṣù kẹfà 2024 kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ irú okùn àti òpó báyìí di ohun ìní pàtàkì tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Ohun tí ọmọ wa sọ pé ó ya òun lẹ́nu jù kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Èdè ni. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ní ibi máàsì kan, àwọn ọmọ onílẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní owó ọdún náà kò tíì tẹ àwọn lọ́wọ́, ọkọ̀ dísù kò sì ní í wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá wọn jà, kò sì mú ìwé àdéhùn jáde. Ó béèrè ilé Baálẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí bàbá kú ewu òjò, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ máàsì tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí bàbá fi máa rán ẹnìkan sí ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ dísù ti ń ti ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó bá fi ojú ìwé wò ó á ní àkókò ṣòfò. Ẹni tó bá mọ iye oníbàárà tó wà lórí máàsì yẹn mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ nínú Hilux tó lè ṣe ohun tí ìkíni yẹn ṣe. Láti ọjọ́ náà lọmọ wa ti ń fi Yorùbá dáhùn.

Obìnrin kan wà ní ìta ọ́fíìsì wọn, tó ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ti wó, ṣáájú yàrá tí àwọn ẹnjinníà ti ń ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Bí oníbàárà mẹ́ta bá padà wá láti sọ pé káàdì kò wọlé, á ké sí wọn láti ẹnu géètì: “Ẹ̀yin aráa máàsì, nǹkan yín ti kú o!” Oníbàárà tirẹ̀ kò ní ìwé àdéhùn ọdún méjì. Igba náírà ló fi ń ra káàdì, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já a kulẹ̀ láàárọ̀, síìmù kejì wà nínú fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí NCC gbà ní oṣù kìíní 2025 kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni èèyàn ti lè gbọ́ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jókòó tì í díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé irú ẹ̀kọ́ báyìí kò mówó wá, kó wo Fúnkẹ́ Ọ̀pẹkẹ́. Ọmọ Ilé-Olúji ni, ó kàwé ní Ifẹ̀, ó tún kàwé ní Columbia ní New York, ó sì ṣiṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, títí dé Verizon. Ó padà sílé ní 2005 láti di ọ̀gá àgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní MTN Nàìjíríà. Ohun tó rí níbẹ̀ ló jẹ́ kó mọ̀ pé òùngbẹ íntánẹ́ẹ̀tì ń gbẹ gbogbo agbègbè náà. Ó dá MainOne sílẹ̀, ó wá owó jọ, ó sì na okùn abẹ́ òkun tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Èkó ní 2010. Nígbà tí Equinix ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2022, 320 mílíọ̀nù dọ́là ni iye rẹ̀. Ìmọ̀ Amẹ́ríkà nìkan kò lè fi ohun tí ọjà ń fẹ́ hàn án. Ojú tó fi rí Èkó ló fi rí i.

Okùn náà kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ omi ló wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin já ní etíkun Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ìdíwọ́ bá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ l'Ékòó. Àwọn tó bọ́ lọ́jọ́ náà ni àwọn tó ti na ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí ni gbogbo èyí kan Maryland. Ẹ jẹ́ ká rántí ìjì ńlá ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2012. Iná lọ ní ilé àìmọye èèyàn ní agbègbè wa, àwọn kan kò rí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ní àríwá Virginia, tó jẹ́ ìkọjá odò sí wa, ọ̀pọ̀ èèyàn pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, kò sì wọlé. Nígbà tí FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, wádìí rẹ̀, ara ohun tó fà á ni jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nígbà tí iná lọ. Ẹnjinníà tó ti Ìkòròdú wá kò ní í dúró de ìjì kó tó tan jẹnẹrétọ̀ wò. Bí ojú ọjọ́ ṣe ń le sí i níhìn-ín, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa wá.

Bí a ṣe lè ṣe é kò le. Abala 25 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú, ibikíbi tí wọ́n bí i sí, nítorí náà ẹ gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà fún un. United ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Dulles tààrà sí Èkó láti 2021. Oṣù kọkànlá ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà, kì í ṣe oṣù karùn-ún. Kó kọ sí àwọn tó ń tọ́jú máàsì, àwọn tó ń rì fáíbà, àti àwọn tó ni ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun gun òpó láì kọ́ ọ, láì fi okùn ààbò so ó. Àwọn tó ń gun máàsì ní ẹ̀kọ́ tiwọn.

Kó sì lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Láti 1973 ni Nàìjíríà ti ní ètò SIWES tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ láti kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ UNILAG, ti Ifẹ̀ àti ti LAUTECH ni yóò bá níbẹ̀. Kó gba iye tí wọ́n ń gbà, kó wọ dáńfó tí wọ́n ń wọ̀, kó sì gbé àpótí irinṣẹ́ ọ̀gá.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. A mọ bí nǹkan ṣe ń rí nílé: ẹ̀gbọ́n kan á pe ọ̀gá kan, àyè á sì ṣí fún ọmọ tó ti Amẹ́ríkà dé, ọmọ tálákà tó ti kọ lẹ́tà sí ibi púpọ̀ á sì máa rìn kiri nínú òòrùn. Bí ọmọ wa bá gba àyè ọmọ yẹn, a ti jalè. Mo ti dá a lábàá fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, Prince George's, pé bí a bá rán ọmọ kan lọ, kí a san owó oṣù ọmọ IT kan sí i ní ilé-iṣẹ́ kan náà, kí àyè lè di méjì. Owó tí a ń ná sí àǹkó ìnáwó ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo lè gbé e. Ẹgbẹ́ tó bá ti ṣe tán, kó dárúkọ ọmọ tirẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó wọlé.